Matcha kì í hó, ó ń di kókó: kí ni kí n ṣe?

Ìbéèrè

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin olólùfẹ́ tíì ilẹ̀ Jàpáànù. Òkè òkun ni mo wà, kò sí olùkọ́ nítòsí, kò sì sí yàrá onítatami, ìyẹn yàrá tí wọ́n tẹ́ ẹní ilẹ̀ Jàpáànù sí. Matcha, ìyẹn ewé tíì tí wọ́n lọ̀ kúnná, láti ìlú Uji ni mò ń lò. Omi tó ń hó yaya ni mò ń dà sí i, màá wá fi chasen, ìyẹn ìjábẹ̀ ọparun tí wọ́n fi ń po tíì, rò ó yíká. Kì í hó dáadáa kó yọ ìfófòó, kókó máa ń kù sí ìdí abọ́, ó sì korò bíi jogbo. Ẹnu chasen náà ti ń ṣẹ́. Ṣé matcha ni àbí ọwọ́ mi?

Ìdáhùn 1

Ẹ fi matcha sílẹ̀, omi yín ló gbóná jù. Kó rọlẹ̀ dé nǹkan bí ìwọ̀n 80 Celsius. Ẹ kọ́kọ́ da omi gbígbóná díẹ̀ sínú abọ́, ẹ ti ẹnu chasen bọ̀ ọ́, ẹ dà á nù, kí ẹ sì nu abọ́ gbẹ. Chasen tí kò rọ̀ kí wọ́n tó lò ó ló ń ṣẹ́. Ọparun ni, kì í ṣe irin.

Kókó yẹn, àìjọ̀ ló fà á. Ẹ fi asẹ́ wẹ́wẹ́ jọ gíráàmù 2 sínú abọ́, ìyẹn nǹkan bí ẹ̀kún chashaku (ṣíbí tí wọ́n fi ń bu matcha) méjì. Mìlílítà 70 omi tó o.

Ẹ má rò ó yíká mọ́. Ọrùn ọwọ́ ni kí ẹ fi jù ú lọ síwá-sẹ́yìn kíákíá, bí ẹni ń kọ lẹ́tà M, fún ìṣẹ́jú àáyá 15 sí 20. Kí ẹnu chasen má tẹ ìdí abọ́. Tó bá ti hó, ẹ gbé e wá sójú omi, ẹ rọra fi fọ́ àwọn ìfófòó ńlá, kí ẹ sì yọ ọ́ láàárín abọ́.

Ìdáhùn 2

Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kí ìfófòó má di àìsàn sí wa lára. Ilé Urasenke, ọ̀kan lára àwọn ilé ẹ̀kọ́ tíì ní Jàpáànù, ló ń fẹ́ kó bo ojú tíì. Omotesenke, ilé ẹ̀kọ́ mìíràn, máa ń fi apá kan sílẹ̀ láìhó.

Ẹ má fọ chasen lọ́ṣẹ. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ tó, kí ẹ wá fi há orí kusenaoshi, ìyẹn ohun tí wọ́n ń gbé chasen lé kí ó má bàa yí padà, kó gbẹ. Ẹni tó bá dá a padà sínú ike rẹ̀ ní tútù, èbu ni yóò bá níbẹ̀. Bí agolo matcha bá wà nínú fìríìjì, ẹ jẹ́ kí òtútù ara rẹ̀ lọ kí ẹ tó ṣí i, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ìrì yóò sẹ̀ sórí rẹ̀.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun gan-an. Ṣé matcha kan náà ṣeé fi ṣe koicha, ìyẹn matcha tó ki? Àti pé láìsí tatami ńkọ́?

Ìdáhùn 1

Koicha ń fẹ́ gíráàmù 4 fún ẹnì kan, pẹ̀lú omi bíi mìlílítà 40. Pípò ni wọ́n ń rọra pò ó títí yóò fi ki; wọn kì í jẹ́ kó hó. Matcha tí kò dára tó kò ní ṣeé gbé mì bó bá ki tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ wo ara agolo bóyá wọ́n kọ koicha sí i.

Ti tatami, tábìlì àti àga tó. Ryūrei ni wọ́n ń pè é. Gengensai, olórí kọkànlá ilé Urasenke, ló gbé e kalẹ̀ ní 1872 nítorí àwọn àlejò ilẹ̀ òkèèrè níbi àfihàn ọjà ní Kyoto. Ẹ jẹ ohun dídùn tán kí ẹ tó gbé abọ́, kí ẹ sì yí abọ́ lẹ́ẹ̀mejì sápá ọ̀tún, kí ẹnu yín má bàa kan iwájú rẹ̀.