Ṣé dídí P-glycoprotein ló ń dín agbára sẹ́ẹ̀lì NK kù, àbí verapamil ló ń tàn wá jẹ?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa sẹ́ẹ̀lì àjẹsára. Lórí P-glycoprotein ni, purotéènì tó ń ti oògùn jáde kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì.

NK (sẹ́ẹ̀lì àjẹsára tó ń pa sẹ́ẹ̀lì ọ̀tá) 10 sí K562 (sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tí NK máa pa) 1, wákàtí 4, ní 37°C. Bí a bá ti fi verapamil 50 µM, oògùn tó ń dí P-glycoprotein, sí i, pípa náà á já wálẹ̀. Àmọ́ verapamil yìí kan náà ló ń dí ojú ọ̀nà kálísíọ́mù, bẹ́ẹ̀ NK tí ò rí kálísíọ́mù ò lè tú perforin àti granzyme, àwọn purotéènì tó fi ń pa nǹkan, sí ọ̀tá lára. Èwo ká dá lẹ́bi?

Tariquidar 100 nM, oògùn mìíràn tó ń dí P-glycoprotein, ń kọ́? Rhodamine 123, àwọ̀ tí P-glycoprotein máa ń tì jáde, dúró pa sínú NK, ìyẹn ni pé pọ́ǹpù ti dí, síbẹ̀ pípa ò fi bẹ́ẹ̀ dín kù. Ẹ má sì dábàá àwọ̀ calcein-AM láti fi ka sẹ́ẹ̀lì tó kú: P-glycoprotein fúnra rẹ̀ máa ń tì í jáde, á kàn da èsì rú ni.

Ṣé ká fi verapamil náà sílẹ̀ títí dé òpin ni, àbí ká fọ̀ ọ́ kúrò lára NK kí K562 tó dé? Àti pé, ṣé CD107a (àmì tó máa ń hàn lára NK bí àpò perforin bá tú) nìkan tó láti fi hàn pé àpò náà tú, àbí àfi ká yọ ABCB1, jíìnì P-glycoprotein, kúrò pátápátá?