Ọta ìbọn mi ń lọ sísàlẹ̀ ju bí ìṣirò ṣe wí ní 1,000 yáàdì: nọ́ńbà wo ni kí n tún ṣe?

Ọmọ Ọdẹ Surrey:
Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ọ̀sẹ̀. Ìbọn .308 ni mo fi ń yin àmì ní pápá Bisley ní England, ọta oníwọ̀n gíréènì 155 ni mo sì ń lò. Ní Century, ọ̀kan nínú àwọn pápá ibẹ̀, láti 300 yáàdì, ibi tí ìṣirò orí fóònù mi bá wí ni ọta ń bà, ṣùgbọ́n ní 600 ó ń fi bí ínṣì 3 lọ sísàlẹ̀, nígbà tí mo sì dé Stickledown, pápá tí wọ́n ti ń yìn jìnnà níbẹ̀, ní 1,000, ó di ínṣì 15. Mo dín nọ́ńbà BC (ìwọ̀n bí ọta ṣe ń la afẹ́fẹ́ kọjá láìpàdánù eré) kù títí ìṣirò fi bá ti 1,000 mu. Síbẹ̀, nígbà tí mo padà sí 600, ọta ṣì ń lọ sísàlẹ̀ díẹ̀. Kí ni mo ṣì ṣe?

Àgbà Ayìnbọn:
Àbúrò, ẹ dá BC padà sí bí ó ti wà. Níbo ni ẹ ti rí eré ọta tí ẹ kọ sínú ìṣirò? Bí ó bá jẹ́ ara páálí ọta ni, ọ̀pá ìbọn tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n lè gùn ju tiyín lọ, ọta yóò sì yára ju tiyín. Àṣìṣe ẹsẹ̀ bàtà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan kò ju bí ààbọ̀ ínṣì lọ ní 300, ṣùgbọ́n ní 1,000 ó tó ínṣì 14. Àṣìṣe BC ní tirẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn títí eré ọta yóò fi rẹlẹ̀ dáadáa. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi tún 1,000 ṣe tí 600 kò gbà. Ẹ yá ẹ̀rọ tí ń wọn eré ọta, kí ẹ yin ó kéré tán mẹ́wàá, ní irú ojú ọjọ́ tí ẹ máa ń yin ín, nítorí òtútù a máa dín agbára ẹ̀tù kù.

Ìyá Ìbejì, New Mexico:
Ẹ wo awò ìbọn náà pẹ̀lú. Ẹ gbé pátákó gíga kan sí 100 yáàdì gan-an, kí ẹ fi okùn tí a so ohun wúwo mọ́ nídìí mú un tọ́, kí ẹ wá yí awò gòkè ní MOA 30 (MOA kan jẹ́ ìdá kan nínú ọgọ́ta dígírì kan): ínṣì 31.4 ló yẹ kí ojú àmì fi kúrò. Èmi fi ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ tí àwọn olójú-ọjọ́ ń kéde ṣe ìṣirò ní Raton, láìmọ̀ pé wọ́n ti tún un ṣe sí ti etí òkun, ilẹ̀ ibẹ̀ sì ga ju ẹsẹ̀ bàtà 6,000 lọ. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́lẹ́ ju bí ìṣirò ṣe rò lọ, nítorí náà òkè ni gbogbo ọta mi gbà. Tiyín ń lọ sísàlẹ̀, nítorí náà, kì í ṣe èyí ló ń dà yín láàmú.

Ọmọ Ọdẹ Surrey:
Ẹ ṣé gan-an. Páálí sọ pé eré ọta jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 2,900 ní ìṣẹ́jú àáyá kan; ẹ̀rọ fún mi ní 2,862. Awò mi sì rin ínṣì 31.1 péré dípò 31.4, èyí tí ó tó ínṣì 3 ní 1,000. Mo kọ méjèèjì sínú ìṣirò, mo dá BC padà, ó sì ku bí ínṣì kan.

Àgbà Ayìnbọn:
Ẹ fi ínṣì kan yẹn sílẹ̀. Ọta márùn-ún tí ẹ bá yìn tẹ̀léra wọn yóò jìnnà síra ju bẹ́ẹ̀ lọ.