Ta ló ti ṣiṣẹ́ ìlera ẹran ọ̀sìn rí? Ẹ bá wa sọ bí owó ibẹ̀ ṣe rí

Ìyá kan, Ọjà Ìgbò, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ọmọbìnrin mi ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé mẹ́wàá. Ó ní ilé ẹ̀kọ́ ìlera ẹran ọ̀sìn ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Moor Plantation, Ìbàdàn, lòun ń lọ. Bàbá rẹ̀ ní ta ló ń kàwé nítorí adìyẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe é, ṣé ó ń bọ́ èèyàn?

Ará Tákìé, Ògbómọ̀ṣọ́

Ìyá wa, ó ń bọ́ èèyàn, àmọ́ kì í ṣe ibi tí púpọ̀ nínú wa ń wò nígbà tí a wọlé ni owó náà ti ń wá. Mo gba ND níbẹ̀, mo lo ọdún kan lẹ́nu ìkọ́ṣẹ́ ní oko adìyẹ kan lójú ọ̀nà Ìlọrin, mo tún padà lọ gba HND. Iṣẹ́ ìjọba ni gbogbo ọkàn mi wà. Owó oṣù tó kéré jù ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti di ₦80,000, ẹni tó ní HND á sì gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n àyè ibẹ̀ kì í ṣí lọ́dọọdún. Mo dúró títí, kò ṣí, mo bá gba iṣẹ́ ní oko ńlá kan. Owó ibẹ̀ ò tó nǹkan, inú oko ni mo sì ń sùn, àmọ́ ibẹ̀ lọwọ́ mi ti mọ àjẹsára, òun ló sì ń bọ́ ilé mi dòní.

Ẹni tó bá kó òròmọdìyẹ wálé ò lè ṣe kó má wá wa. Àjẹsára àrùn Gumboro wà ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, Lasota tó ń dènà àrùn Newcastle wà, Komarov, àjẹsára Newcastle mìíràn tí à ń gún sínú ẹran ara wọn, tún ń bọ̀ bí wọ́n bá gbó díẹ̀. Inú omi là ń po Lasota sí. À á kọ́kọ́ gbé omi kúrò níwájú wọn fún bíi wákàtí kan sí méjì kí òùngbẹ lè gbẹ wọ́n, à á wá po wàrà oníyẹ̀fun díẹ̀ mọ́ ọn. Omi ẹ̀rọ tó ní kẹ́míkà kò gbọ́dọ̀ débẹ̀, torí pípa ló ń pa àjẹsára. Láti ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é ní Vom, lẹ́bàá Jos, títí dé ẹnu adìyẹ, kò gbọ́dọ̀ jáde nínú òtútù. Gbogbo wa sì mọ bí iná ṣe ń ṣe wá. Ẹni tó bá ní kúlà, tó ń ra yìnyín, tó sì mọ ṣọ́ọ̀bù tí fìríìjì wọn kì í kú, òun ni olóko ń wá kiri. Olóko tí àjẹsára tó ti bàjẹ́ ti pa adìyẹ rẹ̀ rí kì í bá mi ná owó iṣẹ́ mọ́.

Iye adìyẹ la fi ń ka owó. Bí olóko bá ti fọkàn tán ọ, á sọ ọ́ di oṣooṣù, ohun tó yẹ kí ọmọ yín máa lépa nìyẹn. Ní oṣù kẹwàá àti ìkọkànlá, tí wọ́n bá ń sin adìyẹ Kérésì, a kì í rójú sùn. Ṣáájú Iléyá náà, àwọn tó ń bọ́ àgbò á máa pè wá. Oṣù kejì àti ìkẹta máa ń gbẹ. Nígbà tí oúnjẹ adìyẹ wọ́n gógó ní 2023 wọ 2024, ọ̀pọ̀ ilé adìyẹ tì pa, ìyà náà sì kàn wá. Àtìgbà yẹn ni mo ti fi ewúrẹ́ kún un, mo ń fún wọn ní àjẹsára àrùn PPR, tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní kata, pẹ̀lú oògùn aràn.

Ṣùgbọ́n a kì í ṣe dókítà o. Ọdún mẹ́fà làwọn yẹn ń lò ní yunifásítì, ọwọ́ wọn ni iṣẹ́ abẹ àti oògùn kíkọ wà. Inú máa ń bí mi gan-an sí àwọn tó ń gbé báàgì kiri, tí wọ́n ń fún adìyẹ tó ń yé ní antibiotic, tí olóko á sì kó ẹyin yẹn lọ sọ́jà lọ́jọ́ kejì. Àwọn ọmọ wa ló ń jẹ ẹ́! Dókítà ẹranko kan nílùú yìí ló ń gbé iṣẹ́ fún mi jù, torí ó mọ̀ pé bí ọ̀ràn bá ti kọjá tèmi, màá pè é.

Oníṣọ́ọ̀bù oògùn ẹran, Ọ̀wọ́dé, Ọ̀yọ́

Obìnrin lèmi náà. Ní apá Fáṣọlá níbí, màlúù oníwàrà ló ń mówó wá. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń fi àtọ̀ gbin oyún sínú abo màlúù láìsí akọ níbẹ̀ kò ní jókòó lásán. Kí ọmọ yín kọ́ ọ kó tó jáde. Àwọn olóko á kọ́kọ́ wò ó bí ọmọdébìnrin. Bó bá ti fún ẹgbẹ̀rún adìyẹ ní abẹ́rẹ́ lójú wọn láìsí wàhálà, ẹnu á wọhò.

Ọmọ Ọ̀yọ́, Texas

Níbí ní Amẹ́ríkà, ilé ẹ̀kọ́ ọdún méjì ni fún ẹni tó ń ran dókítà ẹranko lọ́wọ́, lẹ́yìn náà ìdánwò iṣẹ́ náà tí wọ́n ń pè ní VTNE, kó tó kan ìwé àṣẹ ìpínlẹ̀. Àárín owó ọdún kan jẹ́ $43,740 ní 2023, ti dókítà ẹranko sì jẹ́ $119,100. Owó ilé àti mọ́tò ń jẹ púpọ̀ nínú ti àkọ́kọ́ yẹn. Kó má rò pé HND nìkan á ṣílẹ̀kùn fóun, torí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ń béèrè ilé ẹ̀kọ́ tí AVMA, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ẹranko Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí.

Ìyá kan, Ọjà Ìgbò

Ẹ ṣé gan-an. Mo kà á sí bàbá rẹ̀ létí. Ó ní ṣé ọmọ náà lè tẹ̀ lé yín dé oko kan, kó fojú ara rẹ̀ rí i.

Ará Tákìé

Kó wá ní Sátidé, Ìyá wa. Kó má ti ilé adìyẹ mìíràn wá lọ́jọ́ náà o, kó sì mú bàtà rọ́bà tó ti fọ̀ dání.