Lórí “ìmúlédára”: ibo ni ilé jókòó sí nínú “tún ṣe”?

Ẹ̀yin ará wa,

Lórí orúkọ Yorùbá tí a ń wá fún iṣẹ́ àtúnṣe ilé ni mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Mo ka ìwé tí ọ̀kan nínú wa fi ránṣẹ́ láti Ìbàdàn lánàá, pé kí a máa fi “ìmúlédára” pe gbogbo iṣẹ́ tí ènìyàn bá ṣe sí ilé tó ti wà nílẹ̀, ìbáà ṣe pípààrọ̀ páànù tó ń jò, rírẹ́ ògiri (fífi amọ̀ tàbí sìmẹ́ǹtì bo ojú rẹ̀), kíkun ọ̀dà tàbí kíkọ́ yàrá mọ́ ọn. Ó bí mi nínú. Ọ̀rọ̀ ìṣe wa ti pín iṣẹ́ wọ̀nyí sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dá orúkọ sílẹ̀.

Ẹ pe bíríkìlà kan ní Ìtókò, ní Abẹ́òkúta níbí, kó wá wo ilé yín. Ohun tí yóò kọ́kọ́ bi yín ni pé, “Ṣé ẹ fẹ́ tún un ṣe ni, àbí ẹ fẹ́ tún un kọ́?” Owó ọ̀tọ̀ ni ti èkíní, owó ọ̀tọ̀ ni ti èkejì. Bí ẹ bá ní ẹ fẹ́ mú un dára, yóò tún ìbéèrè rẹ̀ bi yín.

Ẹ wá wo àyè tí “ilé” jókòó sí. “Mo tún ilé kọ́”: ilé àná náà ni. “Mo tún kọ́lé”: òmíràn ni, ẹ wá bá mi jẹun. Nítorí náà ni mo ṣe fara mọ́ ẹ̀gbọ́n wa tó ní “àtúnṣe” nìkan kò tó. Ó ti yọ ilé kúrò láàárín. Àwọn baba wa kò fi ẹnikẹ́ni jẹ “Àtúnṣe Ìlú”. Atúnlùúṣe ni wọ́n fi í jẹ, ìlú wà láàárín gbọningbọnin. Kí ló dé tí a ò lè kọ “títúnléṣe” àti “títúnlékọ́”?

Ẹni tó kọ̀wé láti Ìbàdàn yẹn tún kọ “àtúnkọ ilé”, láìfi àmì sórí kọ́. Ìwé là ń tún kọ! Èmi ò lè gbójú fo ìyẹn ní Abẹ́òkúta, níbi tí Ìwé Ìròyìn, ìwé ìròyìn Yorùbá àkọ́kọ́, ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 1859.

Wọ́n ní èmi kì í ṣe onímọ̀ ẹ̀dá-èdè. Bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ mo gbé kọ́ǹkéré lẹ́yìn bàbá mi kí n tó di olùkọ́ Yorùbá. Ilé amọ̀ ni ìyá àgbà wa ń gbé ní Aké. Lọ́dọọdún, bí òjò bá ti dá, á ní ká pò amọ̀, ká rẹ́lé. Nígbà tó yá, àwọn ọmọ rẹ̀ fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ. Wọ́n kan ìdérí ìgò mọ́ ògiri kí sìmẹ́ǹtì lè rí nǹkan dì mú, síbẹ̀ ó ṣí, nítorí amọ̀ ń mu omi, ó ń wú, ó sì ń súnkì, sìmẹ́ǹtì kì í bá a ṣe é. Ìyá wò ó títí, wọ́n ní, “Ẹ rẹ́ ẹ ni, ẹ ò tún un ṣe.” Kí ni “ìmúlédára” fẹ́ fi sọ ìyẹn?

Ẹni tó ní “rẹ́” kì í ṣe Yorùbá àjùmọ̀lò, ẹnu Ẹ̀gbá lásán ni, mo ṣì ń retí ẹ̀rí rẹ̀.

Kíkọ́ yàrá mọ́ ilé ló kù tí mi ò rí orúkọ gidi fún. “Àfikún ilé” kò tẹ́ mi lọ́rùn, torí ilé mìíràn lọ́tọ̀ náà lè jẹ́ àfikún. Ẹni tó bá mọ ohun tí àwọn bíríkìlà ìlú rẹ̀ ń pè é, kó kọ ọ́ ránṣẹ́, kó sì fi àmì ohùn sí i.