Èsì: Ẹni tó pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, olùbẹ̀bẹ̀ kọ́

Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́ yìí, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Mo ka àkójọ ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n wa ti Ìbàdàn fi ránṣẹ́, tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ sí ìwé pélébé fún àwọn Yorùbá ìlú London tó ń béèrè owó PIP, owó tí ìjọba ibẹ̀ ń san fún ẹni tí àìsàn tàbí àléébù ara kò jẹ́ kó lè dá ṣe nǹkan bó ṣe yẹ. Wọ́n pe àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe féèyàn ní "ìdánwò aláàbọ̀ ara". Wọ́n pe èyí tó tẹ̀ lé e, níbi tí iléeṣẹ́ tó ṣe ìpinnu ti ń tún un yẹ̀ wò, ní "àtúnyẹ̀wò ọ̀ranyàn". Èyí kejì yìí dáa, mi ò rí nǹkan wí sí i; màá padà sórí ìdánwò. Àmọ́ nígbà tí ọ̀ràn dé iwájú adájọ́, "ẹ̀bẹ̀" ni wọ́n kọ, wọ́n sì pe ẹni tó gbé e lọ síbẹ̀ ní "olùbẹ̀bẹ̀". Ẹ̀gbọ́n, ẹ forí jì mí, èyí ò ṣe é gbé mì. Ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ló yẹ kó jẹ́.

Olù- kì í ṣe ohun tí à ń lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ìṣe láìronú. Olùkọ́, olùdájọ́, olùgbàlà: iṣẹ́ tí a fi mọ ẹni náà nìyẹn. Tí ẹ bá wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ bẹ̀bẹ̀, ẹni tó gbé igbá jókòó sẹ́nu géètì mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀ ni ẹ júwe yẹn. Bàbá mi ṣe akọ̀wé kóòtù ìbílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, mi ò gbọ́ kí wọ́n pe irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀bẹ̀ rí. "Ó ní kò tẹ́ òun lọ́rùn" ni wọ́n máa ń kọ, ó parí. Ẹni tó mọ ẹjọ́ ara rẹ̀ lẹ́bi ni kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Ẹni tí wọ́n fi máàkì tó yẹ kó fi gba owó dù ú, kí ló fẹ́ kúnlẹ̀ ṣe?

Ẹ̀gbọ́n ní "mi" inú kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ló ń da àwọn láàmú: tí ọmọ bá ń bá ìyá rẹ̀ kọ ìwé ẹjọ́, "mi" ta ni? Háà! Ta ló ń béèrè "mi" ta ni nínú Fẹ́mi? Bàbá ọmọ ń pè é, ìyàwó ilé ń pè é, tíṣà ń pè é, "mi" ò yẹ̀. Gbólóhùn tó bá ti di ọ̀rọ̀ orúkọ ti di odidi. Kòsọ́kọ́ tó jọba Èkó láti 1845 sí 1851, ṣé ẹnì kan bi í pé ọkọ́ wo ni ò sí?

Peckham ní London ni mo ń gbé, èmi ni wọ́n sì máa ń pè tí fọ́ọ̀mù PIP bá dé. Nǹkan 10 ni wọ́n ń béèrè nípa ìgbé ayé ojoojúmọ́, oúnjẹ sísè, ìwẹ̀, aṣọ wíwọ̀ àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n tún béèrè 2 nípa ìrìn. Ní apá kọ̀ọ̀kan, máàkì 8 ni yóò fún ọ ní owó kékeré, 12 ni yóò fún ọ ní ńlá. Ohun tí o ò lè ṣe ló ń fún ọ ní máàkì. Ẹ wá lọ pe ìyẹn ní ìdánwò!

Màmá kan, ẹni ọdún 61, tí gbogbo oríkèé ọwọ́ wọn ti wú, gbọ́ pé ìdánwò ń bọ̀. Wọ́n wé gèlè de fóònù òṣìṣẹ́ tó fẹ́ ṣàyẹ̀wò wọn. Òṣìṣẹ́ náà béèrè bóyá wọ́n lè se oúnjẹ. Wọ́n ní, "Ẹ ò tíì jẹ ẹ̀fọ́ rírò mi ni." Orí àpótí ni Màmá máa ń jókòó sí nínú kíṣìnnì, ọmọ wọn ló ń gé ẹ̀fọ́, òun ló ń gbé ìkòkò kaná, òun náà ló ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, Màmá á sì máa pàṣẹ iyọ̀. Òfin ní kí ẹni tó nílò ìrànlọ́wọ́ kó tó lè sè gba 4 níbẹ̀. Òdo ni wọ́n gbà. Òṣìṣẹ́ ní báwo lara, Màmá ní a dúpẹ́; inú ìwé ìpinnu la ti kà á pé ara wọn le. Wọ́n yege, owó bọ́.

Ògbufọ̀ kan ti bá wọn sọ̀rọ̀ kí n tó dé. Ó ní kí wọ́n "bẹ̀bẹ̀". Màmá ní àwọn ò tọrọ jẹ lọ́wọ́ ìjọba kankan, wọ́n ti lẹ́tà náà sábẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Bẹ́ẹ̀ oṣù kan péré, láti ọjọ́ tó wà lórí lẹ́tà, ni èèyàn ní láti béèrè àtúnyẹ̀wò ọ̀ranyàn, iléeṣẹ́ kan náà tó kọ lẹ́tà ló sì ń tún un yẹ̀ wò. Tí kò bá yí padà, oṣù kan mìíràn ló wà láti gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀ onídàájọ́: adájọ́ kan, dókítà kan, àti ẹnì kan tó mọ̀ nípa ìpèníjà ara. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń ṣiṣẹ́ fún iléeṣẹ́ tó kọ̀wé yẹn. A kì í san kọ́bọ̀. Ìgbìmọ̀ náà lè fi kún owó, wọ́n sì lè gba èyí tó wà lọ́wọ́ pàápàá, nítorí ẹjọ́ ni. Nígbà tí mo sọ fún Màmá pé ẹjọ́ ni, wọ́n dìde jókòó: "Ta la fẹ́ pè lẹ́jọ́?"

Ó ku ẹ̀yin tí ẹ ti dá sí ọ̀rọ̀ yìí ṣáájú mi. Ẹni tó kọ "aláàbò ara" láìfi àmì sábẹ́ ọ̀, ẹ ti sọ gbogbo wọn di ẹ̀ṣọ́ o. Ìyá wa tó ní ká fi aláàbọ̀ ara sílẹ̀, ká padà sí "ẹni òòṣà", mo gbọ́ yín, ọ̀wọ̀ wà níbẹ̀, Ọbàtálá ló ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ wá bá mi kà á sétí àwọn pásítọ̀ Peckham. Arákùnrin tó ń béèrè ìwé ẹ̀rí ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè mi, ẹ dúró ná.

Ẹ̀gbọ́n, kí ìwé pélébé yẹn tó dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé, ẹ fi "pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn" síbẹ̀, kí "olùpẹjọ́" rọ́pò olùbẹ̀bẹ̀. Ní ti ìdánwò, "ìgbéléwọ̀n" ni mo mú wá. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù ú lọ kó gbé e jáde, kó ṣáà má ti ní ìdán- nínú.