Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ìyàwó mi kò fẹ́ bá wa wọ ọkọ̀ lórí odò ní Colorado, a sì ti sanwó

Bàbá Ìjẹ̀bú-Igbó:
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn láti Sátidé, n kò sì rí ẹni bá sọ ọ́ nínú ilé, torí gbogbo wọn ló ti gbè sẹ́yìn ìyá wọn.

Àkọ́bí mi tó ń ṣiṣẹ́ ní Colorado ní Amẹ́ríkà ló ní kí èmi àti ìyá rẹ̀ wá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dọ̀ òun. Ọmọ náà ṣe dáadáa. Òun ló sanwó físà, òun ló sanwó ọkọ̀ òfurufú, ó tún fi owó ránṣẹ́ pé kí a fi ra aṣọ Ojúde Ọba kí a tó kúrò nílé. Aṣọ òfì ìyá rẹ̀ nìkan, n kò fẹ́ dárúkọ iye tí aláṣọ gbà, bí mo sì ṣe ń kọ̀wé yìí, kò tíì hun ún tán. Ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn sílẹ̀.

Ọmọ yìí ní bí a bá dé, òun máa mú gbogbo wa lọ sórí odò kan tó gba àárín òkè olókùúta kọjá. Ọkọ̀ rọ́bà tí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí ni wọ́n máa ń wọ̀, rafting ni wọ́n ń pè é. Àwa mẹ́fà la máa wọ ọkọ̀ kan, atukọ̀ tó mọ odò náà dunjú á sì jókòó lẹ́yìn wa. Ó fi fídíò ránṣẹ́. Mo rí àwọn ọmọdé nínú rẹ̀ tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Àwọn tó ni ọkọ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tí kò ṣe é rí gan-an ni àwọn ṣe é fún. Ó ti san owó àwa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, wọ́n sì ní àwọn kì í dá owó padà.

Bí ìyàwó mi ṣe wo fídíò yẹn ló dojú fóònù délẹ̀, ó ní òun kò lọ. Kò ṣàlàyé. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bínú, mo pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin sí ọ̀rọ̀ náà, ẹ̀gbọ́n ní kí n fi í sílẹ̀. Ọdún méjìdínlógójì la ti fẹ́ra. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo ní kó bá mi jókòó nínú ọkọ̀, kí àwọn ọmọ-ọmọ wa lè rí wa pọ̀. Kí ni mo lè sọ fún un tó máa fi gbà?

Ìyá Aláṣọ Òkè:
Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ lọ jókòó ti aláṣọ yẹn o. Ẹni tí kò bá tíì hun aṣọ Ojúde Ọba tán ní irú àkókò yìí, ó ti gba iṣẹ́ ju agbára rẹ̀ lọ nìyẹn. Mo ti rí i lọ́dọ̀ àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ọdún ni wọ́n máa ń gbé e dé, etí rẹ̀ kò ní dọ́gba. Ní ti ìyàwó yín, ẹ máa bẹ̀ ẹ́. Ẹ má bínú sí i.

Ọmọ Ṣágámù:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Bàbá. Odò wo ni? Oṣù wo lẹ fẹ́ lọ? Ṣé Màmá mọ̀wẹ̀? Ẹ kò sọ ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Àlàájà Ìmọ̀dì:
Ọkàn mi wà lọ́dọ̀ ìyàwó yín. Nígbà tí ọmọ mi mú mi lọ sí Dubai, ó ní kí n gun ràkúnmí, mo ní n kò gùn. Gbogbo wọn fajú ro sí mi títí a fi délé. Bẹ́ẹ̀ orúnkún mi ló ń dùn mí, n kò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ bó ṣe dùn mí tó. Nígbà míì èèyàn máa ń ní ìdí tí kò fẹ́ là sílẹ̀.

Ọmọ Òdogbolú ní Colorado:
Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Ibí ni mo ń gbé, mo sì ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Odò púpọ̀ ló wà níbí, wọn kò rí bákan náà rárá. Ìpele 1 dé 6 ni wọ́n fi ń díwọ̀n bí omi ṣe ń ru tó: 1 rọra ń ṣàn, 6 sì lè gba ẹ̀mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi ọmọ yín pé apá ibo ni, torí lórí odò Arkansas kan náà, apá tí ọmọdé lè wọ̀ wà, èyí tí akínkanjú ń bẹ̀rù náà sì wà.

Bàbá Ìjẹ̀bú-Igbó:
Ẹ ṣé gan-an. Odò Arkansas ni, Bighorn Sheep Canyon ló pe apá ibẹ̀. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí a bá dé ni, bí a bá ti ṣe Ojúde Ọba tán la máa gbéra. Ọ̀rọ̀ ìwẹ̀ kọ́ ló wà nílẹ̀ o, gbogbo èèyàn ni wọ́n máa fún ní láìfù-jákẹ́ẹ̀tì, aṣọ tó ń gbé èèyàn léfòó lórí omi. Ohun tí mo ń béèrè ni bí mo ṣe lè bá a sọ̀rọ̀.

Ọmọ Òdogbolú ní Colorado:
Bighorn Sheep Canyon dára fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Ìpele 2 sí 3 ni. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni Royal Gorge wà, ìpele 4 sí 5 ni ti ibẹ̀, òun ni mo ń bẹ̀rù kí wọ́n má lọ mú yín dé. Ohun tó rẹwà ni, Bàbá. Ògiri òkúta pupa àti eérú ló gòkè lọ́tùn-ún lósì, ẹ lè rí àwọn àgùntàn òkè oníwo kíká tó ń wo yín láti orí àpáta. Ẹni tó bá ti dé Erédò Súngbọ́ rí, yàrà àtijọ́ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú yẹn, tó dúró nínú kòtò níbi tó ti jìn jù, tó gbójú sókè wo bèbè méjèèjì, kó fi ṣe àpẹẹrẹ, kó wá sọ amọ̀ yẹn di òkúta, kó sì tún gbé e ga lọ́pọ̀ ìgbà.

Àmọ́ àkókò yín kò tẹ́ mi lọ́rùn. Iléyá ọdún yìí bọ́ sí ìparí oṣù Karùn-ún. Bí ẹ bá wá lẹ́yìn Ojúde Ọba, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà nìyẹn. Ìgbà yẹn gan-an ni yìnyín orí òkè ń yọ́ wọ inú odò. Ó máa ń kún, ó máa ń yára, ó sì tutù débi pé ó máa ń gba èémí lẹ́nu èèyàn. Omi tó jẹ́ ìpele 3 nínú oṣù Kẹjọ lè le ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú oṣù Kẹfà. Ọmọ ọdún mélòó ni àwọn ọmọ-ọmọ yín? Bí omi bá kún, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ló máa ń gbé ọjọ́ orí tí wọ́n ń gbà sókè.

Ọmọ Etí Omi:
Ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí dẹ́rù ba Bàbá. Ìwọ̀pin ni wọ́n bí mi sí, orí ọ̀sà ni mo ti ń wa ọkọ̀ kí n tó wọ ilé ìwé. Odò kì í kún kó bo ẹja lójú. Ẹni tó bá ti mọ omi kò nílò jákẹ́ẹ̀tì kankan. Kí Màmá wọlé kó jókòó, bó bá dé inú rẹ̀, ẹ̀rù á tán.

Nọ́ọ̀sì Ìkẹ́nnẹ́:
Ọmọ Etí Omi, ẹ̀yin náà ẹ má ṣi èèyàn lọ́nà. Omi ọ̀sà gbóná díẹ̀, kò sì lókùúta. Bí omi tútù bẹ́ẹ̀ bá gba èèyàn lójijì, á mí gúlẹ́ láìfẹ́, bí ẹnu rẹ̀ bá wà lábẹ́ omi nígbà náà, omi á wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹni tó mọ̀wẹ̀ gan-an kò bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn. Bàbá, ṣé Màmá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru? Ṣé ó ní ikọ́ fée, àbí àìsàn ọkàn? Ọmọ ọdún mélòó ni?

Ọmọ Etí Omi:
Ọ̀sà náà ń gbé ọkọ̀ dànù, ẹ̀yin tí ẹ kò wọ̀ ọ́ rí ni kò mọ̀.

Ọmọ Òdogbolú ní Colorado:
Ẹ̀gbọ́n, omi òkè yàtọ̀. Bí ẹ bá já sínú rẹ̀, ẹ kò gbọ́dọ̀ dìde dúró. Ẹsẹ̀ lè há sáàárín òkúta, omi á sì tẹ èèyàn lórí ba. Ṣe ni ẹ máa dùbúlẹ̀ lẹ́yìn, ẹ na ẹsẹ̀ síwájú síbi tí omi ń lọ, ẹ jẹ́ kí ọmọ ìka ẹsẹ̀ hàn lójú omi, títí wọ́n á fi fà yín sínú ọkọ̀. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń kọ́ wa ní èbúté nìyẹn, kí a tó fọwọ́ kan àjẹ̀. Wọ́n tún máa ń kìlọ̀ pé kí ọwọ́ má kúrò lórí àjẹ̀ náà, torí igi orí rẹ̀ lè gbá ẹni tó jókòó tì yín lẹ́nu kó ká eyín rẹ̀. Bí atukọ̀ bá sọ pé “síwájú”, gbogbo ọkọ̀ ló ń wà á. Bó bá sọ pé “dúró”, gbogbo wọn á dúró. Ẹni tí ẹ̀rù bá ti gbé dè kì í gbọ́ ohun tí atukọ̀ ń sọ, gbogbo ọkọ̀ nìyẹn sì ń kó bá.

Bàbá Ìjẹ̀bú-Igbó:
Ọdún 7 àti 10 ni àwọn ọmọ. Ara ìyàwó mi le, kò lo oògùn kankan, ọdún 59 ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ di ti ilé ìwòsàn. Mo ti bá a kún fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ránṣẹ́ pàápàá. Ibi tí wọ́n ti béèrè bóyá ó mọ̀wẹ̀, mo kọ “bẹ́ẹ̀ ni” kí wọ́n má baà yọ ọ́ kúrò, mo sì buwọ́ lù ú. Gbogbo ètò ti parí, òun nìkan ló kù.

Agbẹjọ́rò Ìpẹ̀rù:
Bàbá, ẹ dákun, ẹ pa fọ́ọ̀mù yẹn rẹ́. Ìwé yẹn ni èèyàn fi ń gbà pé òun mọ ewu tó wà níbẹ̀, òun sì fara mọ́ ọn. Àgbàlagbà ló ń buwọ́ lu tirẹ̀ fúnra rẹ̀, kò sí ọkọ tó lè bá ìyàwó ṣe é. Èyí tó burú jù ni irọ́ ìwẹ̀ yẹn. Atukọ̀ máa wo ìwé, á rò pé ẹni tó mọ̀wẹ̀ ló wà níwájú òun, á fi í sí ibi tí kò yẹ kó fi í sí.

Ìyá Aláṣọ Òkè:
Ẹ rọra bá Bàbá sọ̀rọ̀, ìfẹ́ ló mú un ṣe é.

Agbẹjọ́rò Ìpẹ̀rù:
Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni, ìyá mi. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni mo ṣe sọ ọ́ báyẹn.

Ọmọ Ṣágámù:
Bàbá, mo tún ń béèrè, ẹ má bínú. Ṣé Màmá mọ̀wẹ̀? Kí ló wà láàárín òun àti omi? Èèyàn kì í ṣàdédé dojú fóònù délẹ̀ nítorí fídíò tí àwọn ọmọ ti ń rẹ́rìn-ín.

Bàbá Ìjẹ̀bú-Igbó:
Mo ti ń ka ìbéèrè yìí láti àárọ̀.

Kò mọ̀wẹ̀. Ní 1986, ọdún méjì kí a tó fẹ́ra, òun àti àbúrò rẹ̀ tó tẹ̀ lé e wọ ọkọ̀ láti Ẹ̀pẹ́, wọ́n ń lọ kí ẹbí wọn kan létí omi. Èrò pọ̀ jù nínú ọkọ̀, ìjì dé, ọkọ̀ dojú dé. Àpò gààrí kan tó léfòó ló dì mú tí wọ́n fi rí i fà jáde. Wọn kò rí àbúrò rẹ̀ títí di ọjọ́ kẹta. Ọmọ ọdún 16 ni.

Ìyá rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi nígbà tí mo lọ tọrọ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò sọ ọ́ rí. Nítorí náà ni mo ṣe rò pé ó ti tán lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ń lọ sí Èkó, tí a bá ti gun afárá Third Mainland, ó máa ń pajú dé títí a fi máa sọ̀ kalẹ̀. Mo máa ń rò pé oorun ni.

Nọ́ọ̀sì Ìkẹ́nnẹ́:
Bàbá. Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ bá wa kí Màmá.

Ọmọ Etí Omi:
Bàbá, ẹ foríjì mí. Mo ní bí Màmá bá dé inú ọkọ̀, ẹ̀rù á tán. N kò mọ̀. Àwa náà ti sin èèyàn létí omi níbí, ìyá mi kò jẹ ẹja fún ọdún kan nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Ẹ má gbé e dé inú ọkọ̀ yẹn, kódà bó bá tilẹ̀ gbà fún yín nítorí kí ẹ má bínú.

Àlàájà Ìmọ̀dì:
Ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin mọ̀ nìyẹn tó fi ní kí ẹ fi í sílẹ̀.

Ọmọ Òdogbolú ní Colorado:
Bàbá, Màmá ṣì lè rí òkè yẹn pẹ̀lú yín láìfẹsẹ̀ kan omi. Títì ńlá US 50 ló bá odò náà lọ ní Bighorn Sheep Canyon. Ẹnì kan lè máa wakọ̀ tẹ̀ lé yín, kí Màmá máa wò yín láti bèbè níbi tí ààyè bá wà láti dúró. Ọkọ̀ ojú irin tún wà ní Cañon City tó ń gba inú Royal Gorge fúnra rẹ̀ lọ, ẹ̀gbẹ́ omi ló ń gbà, ó ń lọ bíi 19 kìlómítà kó tó yí padà, wákàtí bíi méjì ni àlọ àti àbọ̀. Ẹ máa kọjá lábẹ́ afárá kan tí wọ́n fi okùn irin so kọ́ ní 1929, ó ga ju odò lọ ní 291 mítà. Èmi fúnra mi mú ìyá ìyàwó mi wọ ọkọ̀ ojú irin náà, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀.

Ní ti owó, ẹ ní kí ọmọ yín má béèrè pé kí wọ́n dá a padà. Kó béèrè pé kí wọ́n sún un sí ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn tí ẹ máa lò. Ìparí oṣù Kẹfà ni, omi sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀ sí í fà nígbà yẹn. Kó sì béèrè bóyá wọ́n máa gba ọmọ ọdún 7.

Bàbá Ìjẹ̀bú-Igbó:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo pa fọ́ọ̀mù yẹn rẹ́. Mo pe ọmọ mi, kò mọ ohunkóhun nípa àbúrò ìyá rẹ̀, ẹkún ló sun lórí fóònù. Wọ́n ti gbà láti sún ọjọ́ náà síwájú. Wọ́n ní títí ọ̀sẹ̀ yẹn àwọn kò ní lè sọ nípa èyí tó jẹ́ ọmọ ọdún 7, omi ló máa pinnu. Bí wọn kò bá gbà á, èmi náà kò ní wọ̀ ọ́, mo máa dúró ti òun àti ìyá-ìyá rẹ̀.

Lánàá ni mo bá ìyàwó mi jókòó. Mo sọ fún un pé mo mọ̀, àti pé mo bẹ̀ ẹ́ fún ohun tí mo kọ sínú fọ́ọ̀mù. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ó wá sọ orúkọ àbúrò rẹ̀ fún mi, ó sọ irú aṣọ tó wọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo fi àwòrán ọkọ̀ ojú irin hàn án. Ó ní òun máa lọ. Ìbéèrè kan ló ní kí n bi yín: ṣé gbogbo ọkọ̀ náà ni wọ́n fi gíláàsì dí, àbí ibì kan wà téèyàn lè dúró síta, kó gbọ́ ìró omi?

Ọmọ Òdogbolú ní Colorado:
Ó wà, Bàbá. Wọ́n fi ọkọ̀ tí kò lórí, tí kò ní gíláàsì kún un, ẹnikẹ́ni ló lè rìn bọ́ síbẹ̀ nígbà tó bá wù ú. Irin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ téèyàn lè dì mú. Kí Màmá mú aṣọ òtútù dání, atẹ́gùn máa ń fẹ́ nínú òkè yẹn.

Bàbá Ìjẹ̀bú-Igbó:
Mo ti kà á sí i létí. Ó ní kí n kí yín.