Sìkíì: ṣé ìyọ̀ ni àbí àgéré?

Ẹ̀gbọ́n, mo ka àbá yín pé kí a máa pe sìkíì, eré àwọn tó ń so pátákó gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ẹsẹ̀ sáré nílẹ̀ òtútù, ní "eré ìyọ̀ lórí yìnyín", kí èyí tí wọ́n fi ń sáré ọ̀nà jíjìn sì máa jẹ́ "ìyọ̀ sọdá orílẹ̀-èdè". Ẹ má bínú, n kò gbà.

Yìnyín tí a mọ̀ n'Íbàdàn ni èyí tó ń já lu páànù bí òkò, tí àwọn ọmọdé ń ṣà jẹ. Èyí tí wọ́n ń sáré lórí rẹ̀ ń bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí òwú, Bíbélì wa sì ti sọ ọ́ lórúkọ tipẹ́: òjò-dídì. Ti "orílẹ̀-èdè" ńkọ́? Kò sẹ́ni tó ń kọjá bodè. Igbó àti pápá ni wọ́n ń là já. Làgbẹ́já lèmi ìbá pè é.

"Yọ̀" gan-an ni ìjà mi. Ẹni tó yọ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Òkè Mápó lẹ́yìn òjò kò pète rẹ̀. Ilẹ̀ ló gbé e. Ọmọ àbúrò mi wà nínú ikọ̀ sìkíì yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, àlàyé ìdìmú ló sì pọ̀ jù lẹ́nu rẹ̀. Àárín pátákó náà ká sókè díẹ̀ bí ọrun ọdẹ. Bó bá fi gbogbo ara tẹ ẹsẹ̀ kan, àárín yẹn á kan òjò-dídì, ìda tí wọ́n fi pa á á dì í mú, òun á sì ti ara rẹ̀ síwájú. Iwájú àti ẹ̀yìn pátákó ni ìda tó ń yọ̀ wà. Bí wọ́n bá ṣi ìda àárín yàn lọ́jọ́ ìdíje, ẹsẹ̀ á kàn máa sá padà sẹ́yìn lórí òkè ni. Nígbà ooru, wọn a wọ oríṣi tó ní táyà, wọn a máa fi ọ̀pá ti ara wọn lórí títì ọlọ́dà.

Ẹni tó so igi mọ́ ẹsẹ̀ tó ń fi rìn, a ti ní orúkọ rẹ̀: alágéré. Ẹ ó ní àgéré a máa gbéni sókè. Òótọ́ ni, àmọ́ ṣebí orí omi ni ọkọ̀ wà tẹ́lẹ̀, kó tó dé títì, tó tún dé òfurufú?

"Ikọ̀" bá a mu. Kálukú ló ń dá sáré bí ẹni tí a rán níṣẹ́, ṣùgbọ́n láti 1983 ni wọ́n ti ń ro máàkì ọkùnrin àti obìnrin pọ̀ nínú ìdíje NCAA, àjọ eré ìdárayá àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà. "Akọ́nimọ̀ọ́ngbá" ni kò ṣeé mú débẹ̀. Kí ni wọ́n ń gbá?

Samuel Ikpefan ṣojú Nàìjíríà nínú eré yìí ní ìdíje Òlíńpíìkì ìgbà òtútù ní Beijing lọ́dún 2022. "Alágéré òjò-dídì" ni mo fi ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ fún ìyá mi, wọn kò sì bi mí léèrè kejì.

Ó ku irú sìkíì kejì, èyí tí wọ́n ń ya ẹsẹ̀ sọ́tùn-ún sósì láti fi sáré. Ìda ìdìmú kì í sí nídìí ìyẹn rárá. Níbẹ̀, Ẹ̀gbọ́n, "yọ̀" yín lè wọlé.